Davis Cup àti Àwọn Ọmọ Tó Ń Ṣa Bọ́ọ̀lù

Tí ẹ bá wọ mọ́tò ní Dọ̀pẹ̀mú lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ gba Akówọnjọ kọjá sí Ẹgbẹ́dá, ẹ máa rí àwọn ọmọdé tó fi òkúta méjì ṣe góòlù sáàárín àdúgbò. Ẹ lè rí tábìlì ping-pong tí wọ́n gbé síwájú ilé kan, tí èrò ti yí i ká. Tẹ́níìsì ńkọ́? Ọmọ tó bá gbé ràkẹ́ẹ̀tì kọ́ èjìká ládùúgbò wa, wọ́n á máa wò ó bí ọmọ olówó Ìkẹjà tó wá kí ẹbí. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn tó lé ní 1,200,000 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá tẹ́níìsì gidi nínú gbogbo wa, mọ́tò Òṣòdì ló máa wọ̀, kó tó wọ òmíràn lọ sí Sùúrùlérè, tàbí kó kọjá afárá lọ sí Oníkán, níbi tí Lagos Lawn Tennis Club ti wà láti ọdún 1895.

Nítorí náà, tí àwọn èèyàn bá ń béèrè lórí ayélujára pé kí ló dé tí a kì í rí Nàìjíríà nínú Davis Cup tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣàn, àwa ará Akówọnjọ mọ ibi tó yẹ kí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdíje àwọn ọkùnrin ni Davis Cup, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ọmọ Harvard kan tó ń jẹ́ Dwight Davis ló dá a sílẹ̀ ní 1900. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbá a lọ́dún náà, ní Boston. Nígbà tí orílẹ̀-èdè pọ̀ sí i, wọ́n pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn, ṣùgbọ́n Áfíríkà ò ní ẹkùn tirẹ̀. Ẹkùn Yúróòpù ni wọ́n rọ́ wa sí. Ní 1981, wọ́n kó orílẹ̀-èdè 16 sókè, wọ́n pè é ní World Group. Gbogbo àwọn tó kù wà nísàlẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà kí wọ́n lè gòkè.

Lónìí, Áfíríkà ti ní ìpele kẹta àti ìkẹrin tirẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Nàìjíríà wà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nípele náà máa pàdé nílùú kan ṣoṣo, wọ́n á sì parí ohun gbogbo láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa gbá a. Ẹẹ̀mejì jẹ́ ti ẹnì kan sí ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́ ti èèyàn méjì sí méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì ló jáwé olúborí. Tí ẹ bá pàdánù nínú méjì, ó ti parí fún yín lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó bá ta yọ gòkè, àwọn tó bá kẹ́yìn á já wálẹ̀. Kò sí fìtílà tẹlifíṣàn níbẹ̀, kò sí owó ńlá kankan. Tẹ́níìsì tó le gan-an ni, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà wọ ìdíje náà. Ìgbà owó epo ni. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè ṣì ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe All-Africa Games níbẹ̀ ní 1973. Lawrence Awopegba àti Yẹ́misí Allan wà lára àwọn tó gbé ràkẹ́ẹ̀tì fún wa nígbà náà. Ìgbà yẹn kan náà ni Áfíríkà gba ife náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gbà á rí, tí kò sì sí aláwọ̀ dúdú kan tó yọ̀ sí i. Ní 1974, South Africa àti Íńdíà ló dé àṣekágbá. Íńdíà ní àwọn ò ní bá orílẹ̀-èdè apartheid gbá a. Wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tó lè borí o, àwọn ará Amritraj tó gbóná janjan wà níbẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọ́n jókòó sílé, South Africa sì gba ife láì gbá bọ́ọ̀lù kan nínú àṣekágbá. Lójú tiwa, ohun tí Íńdíà sọ nù lọ́jọ́ yẹn níyì ju ife lọ.

Ní February 1976, àwọn aláfowóṣe tó lórúkọ wá sí Èkó fún ìdíje WCT, Arthur Ashe wà lára wọn. Àṣìṣe ọjọ́ ni. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni Dimka àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí ìdíje máa lọ. Ashe àti Jeff Borowiak wà lórí pápá nígbà tí àwọn ṣọ́jà já wọlé tìbọntìbọn, tí wọ́n ń bínú pé ìlú ń ṣọ̀fọ̀, àwọn kan wá ń ṣeré. Gbogbo èèyàn fọ́nká. Ní Caracas, ní Venezuela, ni wọ́n ti lọ parí ìdíje Èkó!

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù ni Nduka Odizor. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1958, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́níìsì kankan. Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ni. Ẹ rò ó wò: iṣẹ́ yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tálákà láti fẹsẹ̀ tẹ pápá. Wọ́n á sáré ṣa bọ́ọ̀lù fún ọ̀gá, tí ọ̀gá bá ti lọ, wọ́n á fi ràkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yá gbá tiwọn. Robert Wren, ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ láti Yunifásítì Houston tó wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ló rí i, tó sì ṣọ̀nà bó ṣe dé Houston lọ kàwé kó sì gbá tẹ́níìsì. Ní Wimbledon 1983, Odizor pàdé Guillermo Vilas ti Argentina, ẹni tí wọ́n tò sí ipò kẹrin nínú ìdíje náà. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tó kù, ó sì bá a lọ títí dé ìpele kẹrin. Lọ́dún náà kan náà ló gba ife ní Taipei. Nígbà tó fi di 1984, ó ti wọ ipò 52 ní gbogbo ayé.

Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù o!

Odizor, Tony Mmoh, David Imonitie àti Sadiq Abdullahi ló gbé Davis Cup wa ní àwọn ọdún 1980. Ohun kan wà tí wọ́n ní tí àwọn ti ìsinsìnyí ò ní. Nígbà náà, àwọn ìdíje Challenger ń wáyé ní Èkó àti ní Benin City, nílé wa níbí. Máàkì àgbáyé ni wọ́n fi ń gba ipò nínú tẹ́níìsì. Ẹni tí kò bá rìnrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń pín máàkì kò lè ní ipò, kódà kó gbá bọ́ọ̀lù bí iná. Kí SAP tó dé ní 1986, náírà kan kò jìnnà sí dọ́là kan, ọmọ Èkó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láìta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Náírà já wálẹ̀, àwọn Challenger náà kásẹ̀ nílẹ̀. Governor's Cup tó bẹ̀rẹ̀ ní Oníkán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 gbìyànjú, a ò ní fi gbèsè ìyìn jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdíje kan lọ́dún kò tó fún ẹni tó nílò bí ogún.

Àwọn ọmọ wá gba ibòmíràn lọ. Tony Mmoh lọ ń kọ́ni ní tẹ́níìsì ní Saudi Arabia. Ní Riyadh ni wọ́n ti bí Michael ọmọ rẹ̀ ní 1998. Amẹ́ríkà ni Michael ń gbá fún. Ní Australian Open 2023, ó pàdánù nínú kọ́líìfáyà, ẹlòmíràn yọ ara rẹ̀, wọ́n fi í rọ́pò, ló bá na Alexander Zverev ní ìpele kejì. Bàbá Yannick Noah, ọmọ Cameroon ni. Yannick ló ṣe olórí France nígbà tí wọ́n gba Davis Cup ní 1991, 1996 àti 2017. Bàbá Félix Auger-Aliassime, ọmọ Togo tó ṣí lọ sí Kánádà ni. Félix ló na Alex de Minaur ní Málaga ní 2022, tí Kánádà fi gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí: Kánádà ti já nínú kọ́líìfáyà lọ́dún yẹn kan náà, Netherlands ló lù wọ́n. Torí pé wọ́n lé Rọ́ṣíà kúrò nítorí ogun Ukraine ni wọ́n ṣe pè wọ́n padà wọlé.

Kò sí ẹni tó máa pe ẹgbẹ́ tó wà nípele kẹrin Áfíríkà padà báyìí. Láti ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gòkè sí ìpele kẹta, kí wọ́n gba ibẹ̀ dé World Group II, lẹ́yìn náà World Group I, kí wọ́n tó dé ibi tí Kánádà ti já yẹn. Ìpele kan lọ́dún ni tí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa lè ṣe gbogbo rẹ̀, torí àwọn náà ló máa gbá ti ẹnì kan sí ẹnì kan, àwọn náà ló tún lè para pọ̀ gbá ẹ̀ẹ̀kẹta.