Etí Ló Ń Dun Aláìsàn, Eyín Ni Wọ́n Ń Tún Ṣe

Ní ọdún 1934, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun gbé ìwé jáde nípa àwọn aláìsàn 11. Etí ń dùn wọ́n, òòyì ń kọ́ wọn, orí ń fọ́ wọn, ahọ́n àti ọ̀fun ń ta wọ́n. James Costen ni orúkọ dókítà náà. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí eyín ẹ̀yìn wọn ti yọ kúrò máa ń pa ẹnu dé ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní orí egungun àgbọ̀n á sún sẹ́yìn, á sì máa tẹ iṣan ìmọ̀lára tó wà nítòsí etí. Ìwòsàn tó dábàá ni pé kí wọ́n gbé eyín sókè, kí àgbọ̀n lè padà sí àyè rẹ̀.

Ìwé náà ràn bí iná ọyẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe àìsàn náà ní àìsàn Costen, tí àwọn dókítà eyín sì di ẹni tí aláìsàn ń tọ̀ lọ nítorí etí dídùn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Wọ́n mọ bí a ṣe ń yọ eyín, bí a ṣe ń dí ihò eyín, bí a ṣe ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Oríkèé àgbọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹni tó bá fi ìka méjì sí iwájú etí rẹ̀, tó lanu, tó tún pa á dé, yóò mọ oríkèé náà. Kò dà bí ìlẹ̀kùn tó kàn ń ṣí tó ń pa dé lójú kan. Ó ń yí, ó sì tún ń yọ̀ lọ síwájú. Kèrékèré pẹlẹbẹ kan wà láàárín orí egungun àgbọ̀n àti agbárí, tó ń bá a lọ, tó ń bá a bọ̀. Bí kèrékèré yẹn bá kúrò ní àyè rẹ̀, àgbọ̀n á máa ró kọ́ bí èèyàn bá ń jẹun. Ó sì lè há, kí aláìsàn má lè lanu gba òkèlè.

Ohun tí wọ́n ń há mọ́ eyín láti wo àgbọ̀n sàn ti wà kí Costen tó dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, William Seward, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà, jábọ́ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, àgbọ̀n rẹ̀ sì kán. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Lincoln, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ yàrá Seward, ó fi ọ̀bẹ ṣá a lójú. Thomas Gunning, dókítà eyín láti New York, ló wá fi rọ́bà líle ṣe ohun tó di àgbọ̀n náà mú. Ìyẹn fún egungun tó kán ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Moritz Károlyi ní Vienna dábàá ìbòrí eyín fún ìpayínkeke. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lójú oorun ni, tó ń jẹ eyín, tó sì ń mú kí iṣan àgbọ̀n le gan-an bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ṣíṣe ike tí wọ́n fi ń bo eyín báyìí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba àwòṣe eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, yóò da POP sí i, yóò sì gbé méjèèjì lé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣí tó ń pa dé bí àgbọ̀n. Lórí ẹ̀rọ yìí ni yóò ti mọ ike náà. Ẹnu aláìsàn ni iṣẹ́ wà gan-an. Wọ́n á fi bébà aláwọ̀ tó tín-ín-rín sáàárín eyín àti ike, aláìsàn á fi eyín tẹ̀ ẹ́, àmì á hàn. Ibi tí àmì bá ti pọ̀ jù, wọ́n á fá a díẹ̀díẹ̀, títí eyín ìsàlẹ̀ yóò fi bà lé ike lọ́gbọọgba. Ọ̀gbẹ́ni Sigurd Ramfjord àti Major Ash kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Michigan, ìwé wọn lórí bí eyín ṣe ń pàdé sì jáde ní 1966. Ike Michigan ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ títí dòní. Alẹ́ ni aláìsàn sábà máa ń lò ó, bí kò bá sì bá a lára mu, yíyọ ni yóò yọ ọ́. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ jọra, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò jọra. Láti 1926 ni Beverly McCollum àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ti ń kọ́ni pé ojú ibi tí àgbọ̀n ti ń yí ni kí a kọ́kọ́ wá. Bernard Jankelson ní Seattle ní iṣan ni, kí a fi iná mànàmáná díẹ̀ tù ú kí a tó gba ìwọ̀n. Harold Gelb ní New York fẹ́ kí a sún àgbọ̀n wá síwájú, kí a sì gbé e wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, William Farrar ní Alabama ní kèrékèré ni ká lépa. Ẹni tó bá jókòó lẹ́sẹ̀ olùkọ́ kan, ohun tí olùkọ́ yẹn rí ni yóò máa rí lẹ́nu gbogbo aláìsàn tó bá wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò sì wáyé nílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni dókítà tó ti ń ṣiṣẹ́ yóò fi kọ́ ọ, yóò sì padà sídìí àga rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn kan ti kìlọ̀ tipẹ́. Ní 1948, Harry Sicher, tó mọ egungun orí dunjú, fi hàn pé bí ara ṣe rí kò jẹ́ kí orí àgbọ̀n lè tẹ iṣan ìmọ̀lára náà bí Costen ṣe wí. Ní 1949, Laszlo Schwartz dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia fún oríkèé yìí. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé iṣan tó le, lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ló wà nídìí ìrora ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń fọ́n oògùn tútù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí Janet Travell, tó di dókítà Ààrẹ Kennedy lẹ́yìn náà, ti ń ṣe é fún iṣan ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tó yẹ kó mi gbogbo wọn tìtì wá láti Yunifásítì Illinois ní Chicago. Daniel Laskin àti Charles Greene fún àwọn aláìsàn kan ní ike tí kò dé ibi tí eyín ti ń pàdé rárá. Ara tu àwọn kan nínú wọn. Ní 1976, àwọn àti ẹnì kẹta wọn gbé ìwádìí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde: wọ́n ṣe bí ẹni ń fá eyín aláìsàn 25 kó lè pàdé dáadáa, bẹ́ẹ̀ wọn kò yí ohunkóhun padà. Aláìsàn 16 ní ìrora àwọn ti lọ tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Irọ́ kọ́ ni ìrora náà. Ìdí tí wọ́n ń kọ́ dókítà pé ike fi ń ṣiṣẹ́ ni kò dúró.

Ẹnu aláìsàn ni gbèsè àríyànjiyàn yìí já sí. Bí wọ́n bá fi ike fa àgbọ̀n síwájú tọ̀sán-tòru fún oṣù púpọ̀, eyín ẹ̀yìn lè má pàdé mọ́, kó di pé wọ́n ní láti dé eyín ládé tàbí fi wáyà tò ó. Àwọn mìíràn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n fi Teflon ṣe rọ́pò kèrékèré. Ó ń fọ́ sínú oríkèé, ó ń jẹ egungun, ìjọba sì gbé e kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba ìtọ́jú àgbọ̀n, àwọn náà ni ìyà yìí jẹ jù.

Ní 1982, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà pe àpérò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ràn tó jáde níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ohun tó ṣeé yí padà. Èèyàn ì bá rò pé ilé ẹ̀kọ́ yóò tètè gbọ́. Ọdún 2020 ni wọ́n tó gba ìtọ́jú ìrora ẹnu àti ojú wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kejìlá nínú iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ eyín ní Amẹ́ríkà, 2022 ni ìlànà tó ní kí ilé ẹ̀kọ́ eyín máa kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní àìsàn oríkèé àgbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ogójì ọdún gbáko, lójú ìrora tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn.

Ní 2023, ìlànà kan jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ fún ìrora àgbọ̀n tó ti pẹ́. Eré ìdárayá fún àgbọ̀n lábẹ́ ojú olùtọ́jú àti ìtọ́jú tó ń tún ìrònú ṣe ló gbé síwájú. Ike tó ṣeé yọ kò sí lára ohun tó gbani níyànjú láti lò, èyí tó ń yí bí eyín ṣe ń pàdé padà pátápátá ló sì kọ̀ kíkankíkan. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe ike, nítorí eyín tí ìpayínkeke ń jẹ kò yéé wá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan POP lónìí, rúlà ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Yóò ní kí aláìsàn lanu tó bó bá ṣe lè là á tó, yóò wọn àyè láàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀, bí kò bá tó mílímítà 40, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí aláìsàn bá mira, yóò bi í bóyá ìrora tó gbé e wá nìyẹn.