Ọ̀run Móoru: Láti Ojú Sinimá Dé Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Bí a bá ń ka àwọn òṣèré Yorùbá tí àwọn ajíṣẹ́-ọnà-gbé ṣe lọ́ṣẹ́, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni yóò ṣíwájú. Ní ọdún 1982 ni ó gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ni olùdarí, Túndé Kèlání ni ó ya àwòrán rẹ̀. Kí fíìmù náà tó kárí àwọn ilé sinimá, àdàkọ rẹ̀ ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ìgboro. Àwọn tí ì bá sanwó ìwọlé jókòó sílé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín; gbèsè sì wọ aláwàdà náà lọ́rùn.

Àdánù kejì ni a kì í sábà mẹ́nu bà. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí ó bá rí irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ lónìí lè rò pé ojú kámẹ́rà Kèlání ló ṣú. Rárá o! Ìlà 576 péré ni àwòrán kásẹ́ẹ̀tì ń ní. Ti àwòrán mímọ́ketekete òde òní jẹ́ 1080. Ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí kásẹ́ẹ̀tì kò gbà sílẹ̀. Ojúlówó fíìmù nìkan ni ó ṣeé fọ̀, kí a sì tún un yà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2016 ni wọ́n rí Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ní Jos. Iléeṣẹ́ Arsenal ní Berlin tún un ṣe, àwọn òǹwòran sì rí i níbẹ̀ ní 2018. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni Bàbá Sàlá papòdà.