Òṣùwọ̀n Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn: Láti Boston dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní ọjà Ìkòròdú àti ọjà Ẹ̀pẹ́, ẹni tó mọ ọjà á ná kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí gaàrí jẹ́. Ìdí kóńgò ni yóò kọ́kọ́ wò. Kóńgò tí a ti lù wọnú nídìí kì í gba iye tó yẹ, bó tilẹ̀ kún dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn rí. Ilé ìwòsàn lè ní ilé ńlá, ẹ̀rọ ìgbàlódé àti dókítà tó mọṣẹ́, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ iye àwọn obìnrin tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn níbẹ̀ tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń wá òṣùwọ̀n tó tọ́ fún ìtọ́jú àìsàn yìí. Ohun tí wọ́n rí lọ́nà kan àwọn obìnrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lónìí.

Ní ọdún 1894, William Halsted, oníṣẹ́-abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ abẹ tó ṣe fún àádọ́ta obìnrin jáde. Gbogbo ọyàn ló máa ń gé kúrò, pẹ̀lú iṣan àyà àti àwọn kókó abẹ́ abíyá. Ohun tó fi ń wọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni bóyá jẹjẹrẹ náà tún hù lójú ibi tí wọ́n gé. Nínú àádọ́ta, mẹ́ta péré ni ó tún hù fún níbẹ̀. Iye yìí wú àwọn oníṣègùn lórí, wọ́n sì tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún ó lé. Ṣùgbọ́n ojú àpá kọ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn ti ń pa ènìyàn. Ìgbà tó bá ràn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, egungun tàbí ọpọlọ ni ó ń gba ẹ̀mí. Kóńgò Halsted kún, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti wọnú.

Láàárín àkókò náà ni oníṣẹ́-abẹ mìíràn ní Boston, Ernest Amory Codman, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: kí ló ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lẹ́yìn tó padà sílé? Ó fẹ́ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, kí ilé ìwòsàn máa tọpa rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á bí ìtọ́jú kò bá yọrí sí rere. Àgbà wọn ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni Codman ní kí àwọn dókítà máa wò. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí wọn. Ní 1914 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀, ó kọ ìtàn aláìsàn 337 tó tọ́jú láàárín 1911 sí 1916 sílẹ̀, ó sì tẹ àṣìṣe 123 jáde fún gbogbo ayé láti kà. Nígbà tó kú ní 1940, ibojì rẹ̀ kò ní òkúta ìrántí. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé ọ̀kan síbẹ̀.

Ìbéèrè Codman ló borí níkẹyìn. Ní 1971, Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tó kó obìnrin tó lé ní 1,600 pọ̀. Wọn kò wo ojú àpá nìkan. Wọ́n ń ka àwọn tó wà láàyè. Ó hàn gbangba pé àwọn tí wọ́n gé iṣan àyà wọn kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò gé tiwọn lọ. Ní 1985, ìdánwò mìíràn fi hàn pé yíyọ kókó nìkan, tí a bá fi ìtọ́jú onítànṣán kún un, gba ẹ̀mí là bákan náà pẹ̀lú gígé ọyàn kúrò pátápátá. Àìmọ iye tí kò tọ́ ti ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ní ẹran ara tí kò yẹ kí wọ́n pàdánù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1960, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Yunifásítì tó wà níbẹ̀, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ka gbogbo ẹni tí àrùn náà bá mú nílùú. Láyé ìgbà náà, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin. Jẹjẹrẹ ọyàn wá gba ipò iwájú nígbà tó yá: ìṣirò 2009 sí 2010 ní Ìbàdàn fi í sí 52 nínú obìnrin 100,000 lọ́dún. Ní 2020, ìṣirò àgbáyé sọ pé obìnrin tó lé ní 28,000 ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àti pé ó pa àwọn tó lé ní 14,000.

Iye àwọn aláìsàn kò tíì sọ bí ìtọ́jú wọn ṣe rí. Avedis Donabedian, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Beirut, ló la ọ̀rọ̀ náà yé ayé ní 1966. Ó ní ohun mẹ́ta ni à ń wò: ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti fojú rí, òun náà sì ni ìjọba sábà máa ń gbé hàn. Òfin ìlera tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2006 dá àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò sílẹ̀. Ní 2019, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìgbàlódé ní Ìdí-Àràbà. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè ròyìn ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kejì, ohun tí wọ́n ṣe, ni pé: ǹjẹ́ wọ́n gé ẹran ara díẹ̀ fún àyẹ̀wò? Ǹjẹ́ wọ́n wádìí irú jẹjẹrẹ tó jẹ́? Ní 2009, ìwádìí tí Olufunmilayo Olopade kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé irú èyí tí oògùn tó ń dènà agbára họ́mónù kò ràn pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal. Ẹni tí wọn kò bá ṣe àyẹ̀wò yìí fún lè máa gbé oògùn tí kò wúlò fún un mì lójoojúmọ́.

Òṣùwọ̀n kẹta ló le jù, nítorí ó gba títọpa ènìyàn. Láti 2014 sí 2017, àwọn olùwádìí kó obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn jọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún, Nàìjíríà pẹ̀lú, wọ́n sì ń pè wọ́n lórí fóònù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Káàdì Codman ti di fóònù alágbèéká. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, obìnrin 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè láàárín àwọn ti Nàìjíríà. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Namibia, 90 ni.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn, ó sì ṣàlàyé òṣùwọ̀n mẹ́ta ní 2023. Ó kéré tán, kí wọ́n rí àrùn náà ní ìpele kìíní tàbí ìkejì lára 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in. Kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́ láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí 80 nínú ọgọ́rùn-ún sì gba ìtọ́jú wọn parí.

Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nínú òṣùwọ̀n kejì yìí. Bí ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́ bá fọwọ́ kan kókó lọ́yàn, tó lọ rí nọ́ọ̀sì nítòsí ilé, ọjọ́ náà ni ìṣirò 60 ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè fún un ní oògùn apakòkòrò, kí wọ́n ní kó padà wá. Wọ́n lè kọ ìwé fún un lọ sí Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà. Ó ní láti wá owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò, àti ẹni tí yóò bá a dúró ti ọjà. Bí ó bá dé Ìdí-Àràbà lóṣù karùn-ún, tí wọ́n sì mọ àrùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé Ìdí-Àràbà yóò sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Ìwé Ẹ̀pẹ́ kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, tàbí tó yà sí ilé àdúrà tí kò sì padà, kò ní sí nínú ìwé kankan. Kóńgò náà yóò kún dé ẹnu.

Ewu kan tún wà tó yẹ kí a rí. Bí a bá ka ikú nìkan, ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn tí àrùn wọn ti wọra ni yóò dà bí èyí tó burú jù, èyí tó ń lé wọn padà yóò sì dà bí ẹni rere. Ìdí nìyí tí ìpele àrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò, tí ìtìjú kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èrè ẹni tó bá kọ òtítọ́ sílẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Codman.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò wọ́n tó ẹ̀rọ ìtànṣán. Ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ fara hàn ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí wọ́n fi rán an lọ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí iṣẹ́ ẹnì kan pàtó sì jẹ́ láti pè é bí ọjọ́ bá kọjá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àìtètè ka ọjọ́ ni jẹjẹrẹ fi ń ráàyè ràn. Ẹni tó bá gbé fóònù ní Ẹ̀pẹ́ láti béèrè bí ìyá náà ṣe ń ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀.