Ibi Ìṣeré àti Ibi Ìgbafẹ́ ní Erékùṣù Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í gbé ẹ̀bá odò kí a máa fi itọ́ wẹ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òwe yìí wo ìtàn Èkó Akéte, a ó rí i pé ìgbà kan wà tí ọ̀ràn àwọn ọmọ ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Omi yí wọn ká níhà gbogbo, síbẹ̀ kò sí ibi kan tí a pèsè fún ọmọdé láti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ láìséwu. Nínú ìwé kékeré yìí a fẹ́ sọ díẹ̀ nípa àwọn pápá, etí omi àti ọgbà tí àwọn ará Èkó ti ń ṣeré, àti bí púpọ̀ nínú wọn ti ṣe di ohun mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn eré kò yẹ ní kíkọ sínú ìtàn. Ibi tí ìlú kan fi sílẹ̀ fún eré ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi hàn bí ó ti ka ọmọ náà sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, wà. Nígbà àtijọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣeré níbẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Agbo-ilé ni àwọn ènìyàn ń gbé, àgbàlá sì wà láàárín ilé. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń pàlọ́ tí wọ́n sì ń ṣeré òṣùpá, níbẹ̀ pẹ̀lú ni àwọn àgbà ti ń ta ayò. Omi pàápàá wọ inú ìlú, nítorí ọ̀sà kékeré kan wà ní Ìdúmàgbò. Ọ̀sà náà ni a ti dí láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń nájà ní Ìdúmàgbò lónìí kò lè mọ̀ pé ibi tí omi wà rí ni òun dúró sí.

Ní ọjọ́ Èyò, tí a tún ń pè ní Adámú Òrìṣà, gbogbo òpópó a di ti àwọn ẹlẹ́wù funfun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà níwájú wọn, kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, obìnrin kò sì gbọdọ̀ di ṣùkú. A kò kọ èyí sílẹ̀ láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí olùkàwé kíyè sí ni pé àwọn ará ìṣáájú kò wá pápá kan fún un: ìlú fúnra rẹ̀ ni pápá.

Ṣùgbọ́n ìlú kún. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù August, 1861, àwọn àlejò ń wọlé láti òkè ọ̀sà àti láti òkè òkun, ilé sì ń fara mọ́ ilé. Ní ọdún 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí èyí ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti tún ìlú ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1955 ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, a sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Nínú agbo-ilé tí ó ṣẹ́kù, àgbàlá púpọ̀ di ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkẹ́rù-sí. Báyìí ni àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe pàdánù pápá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ní ìhà kejì erékùṣù náà, ìjọba ti ní ibi ìgbafẹ́ ti tirẹ̀. Ní Marina, níbi tí Kàtídírà Ìjọ Krístì dúró sí, ọ̀nà gba etí ọ̀sà lọ lábẹ́ igi. Àwọn ènìyàn a máa rìn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti gba atẹ́gùn. Ní àwọn ọdún 1970 ni a dí etí omi náà síwájú tí a sì la ọ̀nà ńlá sí i, ẹni tí ó bá sì jáde láti ilé ìsìn náà lónìí, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí omi.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni pápá eré-ìje ẹṣin wà, èyí tí a mọ̀ sí Race Course. Níbẹ̀ ni ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù ti jọ ń wòran ẹṣin. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 1 oṣù October, 1960, orí pápá yìí kan náà ni a ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí a sì ta ti Nàìjíríà sókè. Ní ọdún 1972 a sọ ọ́ di Gbàgede Tafawa Balewa. Ẹṣin kò sáré níbẹ̀ mọ́, àfi àwọn ẹṣin funfun tí a gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n fò sókè tí wọn kò sì balẹ̀ láéláé. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé 50 ọdún ní 2017, inú gbàgede yìí ni àwọn Èyò parí ìrìn wọn sí. Eré tí ó ti ní gbogbo ìlú fún pápá wá di ohun tí a ń jókòó wò.

Wàyí o, a dé Oníkàn, níbi tí ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà. Ní ọdún 1855 ni a bí Dókítà John Randle ní ilẹ̀ Sàró. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ó gboyè ní 1888, ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó fẹ́ Victoria Davies, ọmọ ọ̀gbẹ́ni J. P. L. Davies, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe onígbọ̀wọ́ fún níbi ìrìbọmi. Ní ọdún 1908 òun àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, wọ́n sì tako owó omi tí ìjọba fẹ́ bù lé àwọn ará ìlú. Oníṣègùn yìí mọ̀ pé inú omi ni àwọn ọmọ Èkó ń gbé, àti pé omi ń pa wọ́n. Ó fẹ́ kí ìjọba ṣe adágún kan tí wọn yóò ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìjọba kò ṣe é. Nígbà náà ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é ní Oníkàn. Ọdún 1928 ni a ṣe adágún náà, ọdún náà gan-an ni òun fúnra rẹ̀ sì kú. Ẹni tí ó bá ìjọba jà nítorí owó omi ni ó fi omi ta ìlú lọ́rẹ nígbẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni ó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ní àdúgbò kan náà ni pápá bọ́ọ̀lù tí a kọ́ ní 1930 wà, èyí tí ó jẹ́ orúkọ Ọba George Karùn-ún nígbà kan rí, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Mobọ́lájí Johnson nísinsìnyí, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọgbà òdòdó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí a ń pè ní Love Garden, ṣùgbọ́n ilé orin MUSON ni ó gba ipò rẹ̀. Adágún Randle pàápàá bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bójú tó o. Lẹ́yìn náà ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún un ṣe pẹ̀lú ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí a fi orúkọ oníṣègùn náà pè, tí a ṣí ní oṣù January, 2023.

Àwọn ọmọ ìjọ wa kò ní gbàgbé etíkun. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí a ń lọ sí Gálílì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó máa ń sọdá sí Bar Beach. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sínú òkun ní 1908, kí ọkọ̀ òkun lè rí ẹnu ọ̀nà gbà wọlé, ìrìn iyanrìn yí padà. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun náà ní ọdọọdún. Nípa iṣẹ́ kan náà ni Tarkwa Bay fi di ibi ìparọ́rọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ títí di òní. Bar Beach ní tirẹ̀ ti di apá kan ìlú tuntun tí a ń pè ní Eko Atlantic.

Kí a má bàa rò pé gbígbà nìkan ni a ń gbà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀wọ̀n Broad Street. Níbẹ̀ ni a ti ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́lé. A wó o ní 1979, ní 2010 ni a sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí Freedom Park. Níbi tí a ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń sáré kiri nísinsìnyí.

Kí ni a rí kọ́? A rí i pé ilẹ̀ ìṣeré kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́lé ń fẹ́ ẹ, ẹni tí ó ń nájà ń fẹ́ ẹ, ẹni tí ó ń la ọ̀nà ń fẹ́ ẹ; ọmọdé nìkan ni kò ní agbẹjọ́rò. Randle gba ẹjọ́ wọn rò, ó sì fi owó tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ, nígbà tí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ jáde, ẹ kó wọn gba Oníkàn kọjá. Ẹ fi adágún náà hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí á wo àgbàlá ilé ìsìn àti ti ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa fúnra wa, kí á sì bi ara wa léèrè bóyá ọmọ kan ṣì rí àyè sáré níbẹ̀.