Ta Ni Ebi Lé?

Bàbá kan wà nítòsí ọjà Sábó, ní Yábà, tó ń tún bàtà ṣe. Ará Zinder ni, lórílẹ̀-èdè Niger, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Òun ni mo máa ń ka iṣẹ́ mi fún nígbà tí ẹgbẹ́ kan, tí àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ dá sílẹ̀, ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan sí Yorùbá. Àlàáfíà, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdájọ́ òdodo fún àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ ni ìwé náà dá lé. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan á tó. Oṣù kan gbáko ló gbà mí.

Àlàáfíà kò le. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n àjèjì ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá. Ó bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà rìn gba aṣálẹ̀ kọjá, bí àdúrà, wàásù àti sùúrù ṣe rìn. Sábó náà, Haúsá ni: Sabon Gari, ìlú tuntun. Bẹ́ẹ̀ là ń pe àdúgbò àwọn Haúsá káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ti Ìbàdàn ti wà láti 1916. A gba àlàáfíà lálejò, ó di ọmọ ilé, kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé ìrìnnà.

Àbókí kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀. “Ọ̀rẹ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Haúsá. Lẹ́nu wa l'Ékòó, ẹni tó bá ti ń ta súyà tàbí tó ń tún bàtà ṣe, Àbókí ni, kódà kó tó bàbá ẹni í bí. Ohun tí ẹnu ọjà bá sọ ọ̀rọ̀ dà ni ọ̀rọ̀ ń jẹ́.

Ẹni tó ń jà fún ẹlòmíràn ńkọ́? Mo kọ́kọ́ kọ “alárinà”, mo tún pa á rẹ́. Alárinà ni Ímáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye ní Kàdúná. Ọ̀tá ni wọ́n tẹ́lẹ̀: Wuye pàdánù ọwọ́ kan nínú ìjà ẹ̀sìn, Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan méjì. Síbẹ̀, ní 1995, wọ́n jọ dá ibùdó sílẹ̀ tí wọ́n ti ń parí ìjà. Àárín ni alárinà ń dúró sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìyà jẹ ẹni tí kò níwèé, àárín kọ́ ló yẹ kéèyàn dúró sí. Alágbàwí ló bá èyí mu, ọ̀rọ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ ti mọ̀ nínú Bíbélì: ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wí.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti wà nílẹ̀. Òun ni wọ́n fi túmọ̀ ìkéde tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 1948. “Ọmọnìyàn” inú rẹ̀ ló wù mí: wọn kò kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, wọn kò kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Àwọn Yorùbá tó ti ṣòwò, tó ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Ní oṣù Kìíní 1983, ó yí kàn wá: ìjọba Shagari lé àwọn ará Gáánà bíi mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Wọn kò ka ìkankan nínú àwọn tí wọ́n lé nígbà méjèèjì sí ọmọ ìlú. Ọmọnìyàn ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ wá kù síbi orúkọ ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń lo “aṣíkiri”, ṣùgbọ́n “kiri” inú rẹ̀ ń sọ èèyàn di alárìnkiri tí kò níbi tó ń lọ. “Arúfin” burú jùyẹn lọ. Mo fi “aláìníwèé” rọ́pò rẹ̀. Àtìpó níyì, ọ̀rọ̀ Bíbélì ni, Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣe olórí ìtumọ̀ rẹ̀, òun tí ogun kó ní Òṣogùn ní 1821 tí ó sì di ará Freetown. Ṣùgbọ́n ojú àtìpó kì í kúrò lọ́nà ilé. Ẹni tó ti lo ọdún 30 ní Sábó, ṣé àtìpó náà ló ṣì jẹ́?

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ogúnléndé. Ẹ tú u wò: ogún lé mi dé. Àwa kọ́ là ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n lé ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì dárúkọ ohun tó lé e. Mo wá rò ó pé bí ogun bá ń lé èèyàn, ebi náà ń lé èèyàn. Ni mo bá rọ “ebíléndé”. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Lọ́jọ́ tí mo kà á fún Bàbá, bàtà obìnrin kan wà láàárín orúnkún rẹ̀, òwú wà léyín rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fa òwú yọ lẹ́nu.

“Ọ̀gá, ta ni ebi lé?”

“Àwọn tó wá láti òkèèrè ni, Bàbá. Àwọn bíi tiyín.”

“Èmi kọ́ o. Oúnjẹ wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà ní Sábó níbí, mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.” Ó tún tẹrí mọ́ bàtà. “Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo pa ebíléndé rẹ́ lójú ewé mẹ́ta. Ibì kan ṣoṣo ni mo fi í sí, níbi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀dá lé kúrò lóko. Níbi tó kù, mo kọ “àwọn tó wá ṣiṣẹ́”. Ó gùn ju èyí tí mo rọ lọ, kò sì dùn lẹ́nu tó o. Bàbá ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní ó dáa, kí n bọ́ bàtà mi wá, pé àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣí.