Kí A Kágò Kí A Tó Mú Àdá: Igi, Ògiri àti Aládùúgbò ní Kumasi

Orúkọ igi ló di orúkọ ìlú Kumasi. Yorùbá tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ kò ní rìn jìnnà. "Ase" lédè Twi ni ìdí tàbí abẹ́, "Kum" sì ni igi náà. Ìdí-Kum ni Kumase, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, Ìdí-Apẹ́ n'Íbàdàn, àti Ìdí-Ìrókò létí ibodè àwa àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìtàn àwọn Asante sọ pé ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí Osei Tutu ń kó àwọn ìlú jọ, Okomfo Anokye gbin igi Kum sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti mọ ibi tí olú-ìlú yóò wà. Èyí tó gbìn sí Kwaman gbilẹ̀, Kwaman sì di Kumasi. Èyí tó kú sọ ibẹ̀ ní Kumawu, ìyẹn "Kum ti kú". Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní Ghana, kò ní ya ẹnu sí ìtàn yìí, nítorí lábẹ́ igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sí.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìlú tó jẹ́ pé abẹ́ igi ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ti wá di ibi tí igi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín onílé àti onílé. Láti oṣù kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ dáadáa, ẹ̀fúùfù líle a máa ṣáájú rẹ̀. Máńgòrò ẹni kan a fara ti páànù ẹnìkejì. Ewé píà a dí gọ́tà àwọn tí kò jẹ nínú píà náà rí. Ẹ̀ka tó ti gbẹ a máa fì lókè ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Wọ́n á wá bi ara wọn léèrè pé ta ló ni igi, ta ló ni ewu. Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ìtàn Kumasi sì fi hàn bí a ṣe dà wọ́n pọ̀.

Láyé àtijọ́, igi ńlá tó wà láàárín ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. "Gyadua" ni àwọn Asante ń pe igi ibòji tí wọ́n ń gbìn sí gbangba, tí àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti dá ẹjọ́. Ọ̀dàn tiwa níwájú ààfin àti lọ́jà ni ẹnìkejì rẹ̀. Igi náà wọ inú ọ̀rọ̀ wọn débi pé bí Asantehene bá wàjà, àwa tí à bá sọ pé erin wó, "Odupon atutu" ni tiwọn: igi ńlá ti hú tegbòtegbò. Igi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Thomas Bowdich, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi lọ́dún 1817, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpópónà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní balógun tó ń bójú tó o, pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sì ti ń sun pàǹtí ní àràárọ̀. Ẹni tí a lè pè wá jíhìn wà fún òpópónà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ wa lónìí nìyẹn.

Igi mìíràn tún wà tí kì í ṣe fún ibòji: igi ààlà. Àwa ń lo pèrègún àti akòko láti fi pààlà. Àwọn Asante ń lo ntome, tó jẹ́ ìbátan pèrègún, fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá fa pèrègún tu ti dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà igi ààlà kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn aládùúgbò méjì jọ ni ín ni, wọ́n sì jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tí ògiri búlọ́ọ̀kù rọ́pò pèrègún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tó wà lódìkejì kò kàn wá mọ́.

Òyìnbó ló mú ògiri yẹn wá pẹ̀lú ètò ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sun Kumasi ní oṣù kejì ọdún 1874. Wọ́n kó Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn lọ́dún 1896, ọdún 1924 ni ó tó padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1902 ni Asante ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kíkún. Ọdún 1943 ni ilẹ̀ ìlú Kumasi tó padà sọ́wọ́ Asantehene, ní orúkọ Àga Wúrà. Ní àkókò yẹn ni èrò Ebenezer Howard dé. Ọkùnrin yìí ti kọ̀wé ní Ìlú Ọba lọ́dún 1898 pé ó yẹ kí ìlú rí bí ọgbà, kí ilé àti igi jọ máa gbé pọ̀. Òfin ètò ìlú jáde fún Gold Coast lọ́dún 1945, wọ́n sì ya Kumasi bí ìlú ọgbà, pẹ̀lú igi lẹ́bàá títì àti àyè tútù létí odò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ki ìlú náà ní Ìlú Ọgbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Wọ́n pín igi sí púlọ́ọ̀tì. Igi tó bọ́ sí púlọ́ọ̀tì mi di tèmi, igi ẹ̀bá títì di ti ìjọba. Àwọn ìlú tí Howard ń rò ní ẹgbẹ́ tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú, owó náà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọgbà. Àwa gba igi, a kò gba owó ìtọ́jú rẹ̀. Ìlú kún, àyè etí odò di ilé àti ìsọ̀, igi tó kù sì ń dàgbà sí i lórí ilé tó ń súnmọ́ ara wọn sí i.

Òfin kò ṣàìsọ̀rọ̀. Ní ìparí ọdún 1894, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ Lemmon àti Webb. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀ka igi aládùúgbò rẹ̀ bá rá kọjá sórí ilẹ̀ rẹ̀ lè gé e dé ààlà láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, bí kò bá ṣáà ti wọ ilẹ̀ onígi. Lọ́dún 1919, nínú ẹjọ́ Mills àti Brooker, ilé-ẹjọ́ fi kún un pé èso orí ẹ̀ka tí o gé ṣì jẹ́ ti onígi, o kò gbọdọ̀ tà á. Àpù ni tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ fi máńgòrò sí i. Nínú ẹjọ́ Goldman àti Hargrave, àrá ló sán igi ńlá kan ní Ọsirélíà lọ́dún 1961. Onílẹ̀ gé e lulẹ̀, ó sì fi iná rẹ̀ sílẹ̀ kó máa jó tán fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà dé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n dá a lẹ́bi. Òun kọ́ ló pe àrá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa ewu náà, ó sì ní agbára láti pa iná. Wọ́n tún sọ pé agbára onílé la ó fi wọn ohun tó yẹ kó ṣe: a kò ní béèrè lọ́wọ́ opó ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ olówó.

Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kò de adájọ́ Ghana lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin àjogúnbá Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí abala 11 ìwé òfin ọdún 1992 kà sí òfin orílẹ̀-èdè náà, adájọ́ sì lè gbé wọn yẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí onílé gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin Ghana ọdún 1962, Act 124, fi igi gẹdú tó hù fúnra rẹ̀ sọ́wọ́ Ààrẹ, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ìtẹ́ ọba. Àtúnṣe ọdún 2002 dáàbò bo igi tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bí odum, ìyẹn ìrókò, bá hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ, má ṣe pe oníṣẹ́ gẹdú láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ ò rí i pé ibi tí a ti lọ la tún padà dé: igi kan lè wà nínú ọgbà rẹ kó má jẹ́ tìrẹ, síbẹ̀ kí ewu rẹ̀ jẹ́ tìrẹ.

Òfin a máa sọ ohun tí èèyàn lè ṣe, kì í sọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Ohun tó yẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi, tó gbé Kumasi títí di ọdún 1969. Igi agbálùmọ̀ kan wà ní ilé rẹ̀, alasa ni wọ́n ń pè é ní Ghana. Ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ ń wo ọgbà ìyá Asante kan tí bàbá mi ń pè ní Maame. Àdéhùn wọn kò ju mẹ́ta lọ. Èso tó bá já bọ́ sọ́dọ̀ Maame, ti Maame ni. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, bàbá mi yóò san owó ẹni tó ń gun igi, yóò sì ní kó gé ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan igi náà láìkọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹnìkejì kó kágò.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó lọ. Ẹni tó rí ìsọ̀ tà tà á lówó pọ́ọ́kú, ẹni tí kò rí tà fi ohun ìní lé aládùúgbò lọ́wọ́. Maame ni bàbá mi fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ó máa ń sọ fún wa pé kì í ṣe ọjọ́ náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́kẹ̀ lé e, ọdọọdún tí wọ́n fi jọ gé igi ni ìgbẹ́kẹ̀lé náà fi dàgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí mò ń sọ. Aládùúgbò tí o kò bá bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka igi, ṣé òun ni wàá wá fi ilé rẹ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdààmú?

Nítorí náà, kí onílé má ṣe dúró de ìwé lọ́yà. Kí ó yí igi rẹ̀ ká ní oṣù kejì, ọdọọdún. Kí ó wo ẹ̀ka gbígbẹ, ìdí tí olú ti ń hù, ara igi tó là, àti igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí apá kan. Bí ẹ̀ka bá kan wáyà iná, kí ó pe àwọn oníná, kí ó má fi àdá dán an wò. Bí ó bá fẹ́ gé igi ńlá lulẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, kí ó sì sọ fún gbogbo ilé tó yí i ká. Bí owó kò bá tó, kí ó sọ ọ́ síta. Ẹni tí páànù rẹ̀ wà nínú ewu lè bá a dá owó. Ẹni tí igi ń dà láàmú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ó tètè wí, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Kí ó má tú ìdí igi pa pẹ̀lú iyọ̀ tàbí oògùn lóru, nítorí igi tó kú lórí ìdúró ló ń wó pa èèyàn.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú gé gbogbo rẹ̀, kí a da kọ́ńkéré sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Kumasi ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ọ̀sán wọlé tọ̀ wọ́n, omi òjò tí ilẹ̀ ìdí igi ìbá mu ń ya lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀. Ìjọba Ghana wá ń pe ará ìlú lọ́dọọdún láti gbin igi padà: ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Green Ghana Day, mílíọ̀nù 5 igi ni wọ́n fojú sùn. Gbígbìn rọrùn, ọjọ́ kan ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tọ́jú wọn ní ogún ọdún sí i, nígbà tí ẹ̀ka bá kọjá ògiri?

Àwọn Asante ní "Dua koro gye mframa a, ebu": igi kan ṣoṣo tó bá dá gba afẹ́fẹ́ yóò ṣẹ́. Àwa ní igi kan kì í dá igbó ṣe. "Agoo" ni wọ́n ń ké lẹ́nu ọ̀nà ní Kumasi, "amee" ni onílé ń dáhùn. Àwa ń kágò, onílé á ní àgò yà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kọjá ògiri ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i, kí òjò tó dé.