Bí Iṣẹ́ Ṣe Kúrò Nílé, àti Bí Ó Ṣe Lè Padà

Kí òwò àwa àti àwọn Òyìnbó tó gbilẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú ni àgbẹ̀ ti ń ra ọkọ́ àti àdá. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ pé ọjà irin Òyìnbó ń gba ipò tiwa nítorí pé kò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tọ́jọ́ tó tiwa. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó ló ń lé iṣẹ́ kúrò nílé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1956, Malcom McLean, ará Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ ojú omi Ideal-X kó kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Bí kọ̀nténà ṣe ń tàn kálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń kó ẹrù gba orí òkun já wálẹ̀. Iléeṣẹ́ lè wà ní Ṣáínà, kí oníbàárà rẹ̀ wà ní Èkó.

Ní Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ohun tó lè dá iṣẹ́ padà. Ní 1984, Charles Hull kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ ohun olómi di líle, ìpele kan lórí òmíràn, bí a ṣe ń mọ ògiri alámọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní 3D printer.

Ìwúlò rẹ̀ hàn ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ní Ìtálì. Fáàfù kékeré tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́ ń tán lọ ní ilé ìwòsàn ìlú Chiari, àwọn tó ń kó o wá kò sì lè tètè mú òmíràn dé. Cristian Fracassi àti Alessandro Romaioli wọn fáàfù kan, wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ irú rẹ̀ jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 100.

Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ yìí yóò ṣe ohun gbogbo. Bí a bá fẹ́ báàkẹ́ẹ̀tì 100,000, iléeṣẹ́ ńlá ni yóò ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Ohun díẹ̀ tí a nílò kíákíá ni ti ẹ̀rọ yìí. Àmọ́ ẹni tó mọ àwòrán yà wà nítòsí ní Chiari. Bí a bá ra ẹ̀rọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa, tí a kò kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n àti àwòrán yíyà, òkè òkun la ó tún máa retí àwòrán. Ẹ̀rọ yóò wà nílé, iṣẹ́ kò ní tíì padà wálé.